Fọ́tò Àwọn Ìbejì Motọ́lání

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 oṣù Keje, 2008

Kámẹ́rà dé lónìí. Àbúrò ọ̀gá tó wà ní Ítálì ló fi rán ẹnìkan tó ń bọ̀ wálé. Ó dúdú, ó wúwo bí òkúta, bọ́tìnnì sì kún ara rẹ̀. Mo kà á: mẹ́rìndínlógún, láìka èyí tí à ń yí bíi ti sítóòfù. Ọ̀gá Títíloyè tó ń kọ́ mi ní fọ́tò yíyà gbé e sójú, wọ́n gbé e kúrò, wọ́n tún gbé e padà. Wọ́n ní, "Èṣùbíyì, wo inú rẹ̀ bá mi. Ṣé kùrukùru wà níbẹ̀?"

Mo wò ó. Kò sí kùrukùru kankan. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Wọ́n fi aṣọ nu lẹ́ǹsì tí kò dọ̀tí, wọ́n sì gbé kámẹ́rà lé mi lọ́wọ́.

Láti ọdún tó kọjá ni dókítà ti sọ pé ojú ọ̀gá kò ní ríran padà. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Ọ̀gá nìkan ni kò tíì gbọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 oṣù Keje

Òjò ti sọ Upper Sakponba, ọ̀nà iwájú ṣọ́ọ̀bù wa, di odò. Àwọn ọlọ́kadà ń gbé ènìyàn kọjá bí ẹni ń tu ọkọ̀.

Mo gba fọ́tò mẹ́ta tí mo yà lánàá láti láàbù tí wọ́n ti ń tẹ fọ́tò jáde. Ẹni àkọ́kọ́ funfun bí ẹni tó fi ẹfun para. Ẹni kejì, wẹ́dà tó ń jó irin lódìkejì ọ̀nà, dúdú débi pé eyín rẹ̀ nìkan ló yọ. Ẹni kẹta, òrùlé ni mo yà. Ọwọ́ mi ti tẹ bọ́tìnnì kí n tó múra tán.

Wẹ́dà wo fọ́tò, ó wò mí. Ó ní, "My brother, na for night you snap me?"

Ọ̀gá ní kí n sun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Fọ́tò tó bàjẹ́ kì í sùn ní ṣọ́ọ̀bù wa. Bó ti wà láti Ọ̀wọ̀ nìyẹn, níbi tí ọ̀gá ti ń fi fíìmù ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní ti àwọn tó wà nínú kádì tí kámẹ́rà ń kó fọ́tò sí, Ṣùbòmí ọmọ ọ̀gá fi bọ́tìnnì tó ní àwòrán garawa ìdọ̀tí hàn mí. Mo tẹ̀ ẹ́. Nínú gbogbo bọ́tìnnì náà, òun ni mo kọ́kọ́ mọ̀ dáadáa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 oṣù Keje

Ìwé kámẹ́rà nípọn tó Bíbélì. Ní ilé-ìwé abúlé wa lẹ́bàá Ìfọ́n, tíṣà kan ló ń kọ́ kíláàsì mẹ́ta pa pọ̀. Yorùbá mi dán, òyìnbó mi ò lọ jìnnà. Ṣùbòmí ló ń kà á fún mi. Ọmọ yẹn gbọ́ Yorùbá yé, ṣùgbọ́n kò lè fi í dáhùn fún ìṣẹ́jú kan.

Mo ní, "Kí ló sọ nípa òkùnkùn?"

"E say make you open the aperture."

"Kí n ṣí kí ni?"

"The eye, Bọ̀dá Èṣù! The eye!"

"Má pè mí ní Èṣù. Èṣùbíyì ni bàbá mi sọ mí."

"Pastor say make you change am to Olúbíyì."

"Kí pásítọ̀ kọ́kọ́ yí tiẹ̀ padà."

A ka ojú ewé méje. Mo mọ̀ báyìí pé ojú kámẹ́rà ń là, ó sì ń kéré. Mi ò tíì mọ ìgbà tó yẹ kí ó ṣe èwo.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 oṣù Keje

Oníbàárà kan yọrùn wo gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà lẹ́yìn tí mo yà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí pariwo pé imú òun tóbi. Ọ̀gá gbọ́ ọ láti inú ilé. Wọ́n bínú. Wọ́n ní fọ́tò tí a kò tíì fọ̀, a kì í wò ó, a kì í sì í fi han ẹni tó ni í. Wọ́n ní ẹni tó mọ iṣẹ́, ẹyọ kan tó o. Ẹni tó ń ya méjì, ẹ̀rù ló ń bà á.

Mo gé páálí dúdú, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì náà. Ṣùbòmí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, you don blind the camera join Daddy." Bó ṣe sọ ọ́ tán ló bú sẹ́kún. Mo lọ tan jẹnẹrétọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 oṣù Kẹjọ

Òòrùn díẹ̀ yọ. Bẹntiróòlù tún ti wọ́n.

Ìyá Ìbejì mú àwọn ọmọ wá. Motọ́lání lorúkọ ìyá náà. Abọ́ ike ni wọ́n ń tà ní ọjà Ekiosa, ọkọ wọn ń wa ọkọ̀ lọ sí Warri. Àwọn ọmọ pé ọdún mẹ́fà lónìí. Láti ìgbà tí omi òjò ti gbé àpótí wọn lọ ní ilé tí wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀, kò sí fọ́tò ẹnikẹ́ni nínú ilé wọn mọ́.

Kí wọ́n tó wọlé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. "Èṣùbíyì, má sọ ọmọ mi di iwin o. Mo ti gbọ́ ohun tí o fi wẹ́dà ṣe."

Mo ní, "Wẹ́dà ti dúdú kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, mà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín wọn kẹ́yìn.

Kẹ́hìndé dúró lápá òsì, gbọnrangandan bíi sójà. Táyé dúró lápá ọ̀tún, ó ti ikùn síwájú, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó sì di ojú kan kí fílásì tó tàn rárá. Mo ní kí wọ́n súnmọ́ra. Táyé ní, "No o. Kẹ́hìndé dey smell." Ìyá wọn gbá a létí pẹ̀lú ẹ̀rín. Síbẹ̀ kò sún. Mo fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì ya ẹyọ kan.

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹjọ

Aṣọ ẹ̀yìn tí oníbàárà ń dúró níwájú rẹ̀, tí ọ̀gá fi ọwọ́ ara wọn kùn, mọ́ kedere nínú fọ́tò náà: àtẹ̀gùn funfun, òdòdó, ọkọ̀ òfuurufú. A lè ka fèrèsé ọkọ̀ náà. Níwájú rẹ̀ ni àwọn ọmọ wà bí ooru tó ń jáde lẹ́nu ìkòkò. Mi ò lè fi ojú Táyé yàtọ̀ sí ti Kẹ́hìndé.

Mo sun ún lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Mo tẹ bọ́tìnnì garawa.

Mo lọ sí Ekiosa fúnra mi lọ sọ fún Ìyá Ìbejì. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo ní, "Fọ́tò yín bàjẹ́, mà. Èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹ mú wọn padà wá, ẹ ò ní san nǹkan kan."

Wọ́n na abọ́ kan sí mi bíi pé wọ́n fẹ́ jù ú. "Mo sọ ọ́! Mo sọ pé ọmọ yìí á sọ wọ́n di iwin! Ó dáa. Àbámẹ́ta. Bó o bá tún bà á jẹ́, ìwọ lo máa bí òmíràn fún mi."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 oṣù Kẹjọ

Òjò. Wọn ò wá. Kò sẹ́ni tó wá.

Ọjọ́rú, 13 oṣù Kẹjọ

A rí i! Ṣùbòmí ló rí i. Àmì pupa kékeré kan wà láàárín tí ènìyàn bá ń wo inú kámẹ́rà. Ibi tí àmì náà bá bọ́ sí ni kámẹ́rà ń wò. Bí ènìyàn méjì bá dúró, tí àlàfo wà láàárín wọn, àmì náà á gba àlàfo kọjá lọ bá aṣọ ẹ̀yìn. Kámẹ́rà kò ṣẹ̀. Ibi tí mo ní kó wò ló wò. A lè gbé àmì náà sí ọ̀tún, a lè gbé e sí òsì.

Mo ya páálí dúdú kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Mo sọ fún ọ̀gá pé mo yà á kúrò, mi ò fi pamọ́. Wọ́n ní, "Kámẹ́rà tìrẹ ni." Mo ní kí wọ́n jókòó kí n fi wọ́n dán an wò. Mo gbé àmì pupa sí ojú wọn ọ̀tún.

Ó mọ́. Ó mọ́ débi pé mo rí funfun tó bo ẹyinjú náà, bí ìdí abọ́ tí wọ́n fi mu ẹ̀kọ.

Wọ́n ní, "Báwo ló ṣe rí?"

"Ó mọ́, sà."

Mi ò sọ ìyókù.

Ọjọ́ Àìkú, 17 oṣù Kẹjọ

Àwọn ìbejì kò tún wá lánàá. Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ni mo yà lónìí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Igba ó lé méjìlá ni mo yà sínú kádì. Mo ń yà, mo ń wò, mo ń tún un yà. Márùn-ún péré ló bàjẹ́. Pásítọ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́, ó pè mí ní Olúbíyì níwájú gbogbo ìjọ. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi bá a jà.

Ọjọ́rú, 20 oṣù Kẹjọ

Mo bá Ìyá Ìbejì ní Ekiosa, ìsọ̀ wọn wà ní títì. Aládùúgbò ìsọ̀ wọn ní ibà ń ṣe Táyé láti ọjọ́ Ẹtì.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 oṣù Kẹjọ

Màmá àgbà kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wá bá ọ̀gá, wọ́n ní Táyé ti lọ sọ́jà. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni a ń sọ ọ́ fún ìbejì. Ìwé mi nìyí, èmi á kọ ọ́ bó ṣe rí. Táyé kú ní àárọ̀ yìí.

Ọjọ́bọ̀, 4 oṣù Kẹsàn-án

Ìyá Ìbejì wá. Wọ́n ti rù. Wọn ò jókòó.

"Èyí tó bàjẹ́ yẹn ni mo wá gbà."

Mo ní, "Mo ti sun ún, mà."

"Èyí tó wà nínú kámẹ́rà ńkọ́?"

"Mo ti pa á rẹ́."

"Ta ló ní kí o pa á rẹ́?"

Ọ̀gá wúkọ́ láti orí àga wọn. "Motọ́lání, àṣà ṣọ́ọ̀bù wa ni. Èyí tó bá bàjẹ́..."

"Àṣà," ni Ìyá Ìbejì wí. Nígbà náà ni wọ́n tó jókòó, lórí àpótí tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó lé, níwájú ọkọ̀ òfuurufú. "Ẹ̀yin ọkùnrin yìí. Mi ò sọ pé ó gbọ́dọ̀ mọ́. Òun ni mo bèèrè."

Mo ṣáà dọ̀bálẹ̀. Wọ́n fò mí dá, wọ́n lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 oṣù Kẹsàn-án

Mo gbé kádì lọ bá Láolú tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Sapele Road. Ó ní ohun tí a pa rẹ́ kì í tètè lọ. Ó wà níbẹ̀ títí nǹkan mìíràn á fi jókòó lé e lórí.

"Kí lo yà lé e?"

"Ìkórè."

"Mélòó?"

"Igba ó lé méjìlá."

Ó súfèé. "Ìwọ ọkùnrin yìí, o kó gbogbo ìjọ Ọlọ́run jókòó lé ọmọ kan lórí." Nígbà tó rí ojú mi, ó ní, "Má bínú. Fi í sílẹ̀. Padà wá lọ́jọ́ Ajé."

Ọjọ́ Ajé, 8 oṣù Kẹsàn-án

Láolú rí díẹ̀ gbà padà. Òkè fọ́tò náà nìkan ni: ọkọ̀ òfuurufú, ìdajì àtẹ̀gùn, àti irun orí méjì tí wọ́n dì ní ṣùkú. Láti iwájú orí lọ sísàlẹ̀, eérú ni. Kò sí ojú níbẹ̀. Kò sí ẹnu.

Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ jáde, mo sì gbé e lọ sí Ekiosa. Ìyá Ìbejì ti ṣí ìsọ̀. Wọ́n fi ìka kan tọ irun apá ọ̀tún láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Wọ́n ní, "Èmi ni mo di irun yìí. Ó sunkún nígbà tí mò ń dì í." Wọ́n ká a sínú ìró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wò mí lójú. "Ìyá mi sọ pé àwọn fótógíráfà àtijọ́ máa ń ya ìbejì tó ṣẹ́kù ní ẹ̀ẹ̀mejì, wọ́n á so ó pọ̀. Bi ọ̀gá rẹ. Wọ́n mọ̀ ọ́n."

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 oṣù Kẹsàn-án

Mo bi ọ̀gá. Ó dà bíi pé wọ́n ti ń retí rẹ̀. Wọ́n ní ní Ọ̀wọ̀, wọ́n máa ń fi páálí bo ìdajì lẹ́ǹsì, ọmọ á dúró sápá kan. Wọ́n á yí páálí sí ìdajì kejì, ọmọ á dúró sápá kejì. Fíìmù kan náà ni. "Mo ṣe é fún ìyá mọ́kànlá. Kò sí ọ̀kan tó dá fọ́tò rẹ̀ padà."

Mo ní, "Irọ́ ni, sà. Kẹ́hìndé kì í ṣe Táyé."

"Irọ́ ni. Ṣé ìwọ lo máa wo ògiri òfìfo?"

"Mi ò lè ṣe é."

"Ká ní ojú mi ríran ni," ni wọ́n wí, "mi ò ní bẹ̀ ọ́."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ́. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń jẹ lọ́wọ́ wọn, tí mò ń sùn lábẹ́ òrùlé wọn, wọn ò bẹ̀ mí rí. Mo ní màá ṣe é.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 oṣù Kẹsàn-án

Òjò winniwinni. Iná wà, ọpẹ́ ni.

Láolú ní kí kámẹ́rà má ṣe mì láàárín méjèèjì, òun á so wọ́n pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Mo fi bíríkì ti ẹsẹ̀ tó gbé kámẹ́rà dúró.

Aṣọ ọjọ́ ìbí yẹn náà ni wọ́n wọ̀ fún Kẹ́hìndé. Ó dúró ní àyè rẹ̀ lápá òsì, gbọnrangandan bíi sójà. Mo gbé àmì pupa sí ojú rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo wò ó. Ó mọ́.

Ìyá rẹ̀ ní, "Bọ́ sápá kejì."

Ó bọ́ síbẹ̀. Ó tún dúró bíi sójà.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣe bíi Táyé."

Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ti ikùn síwájú. Ó gbé àgbọ̀n sókè. Ó di ojú kan. Ọwọ́ mi dúró lórí bọ́tìnnì. Mi ò mọ ìgbà tí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ti ń sín ara wọn jẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó dúró níwájú mi kì í ṣe ẹni tó wọlé.

"Táyé!" Ìyá Ìbejì pè é bí a ṣe ń pe ọmọ tó ti rìn jìnnà jù lójú títì.

Mo tẹ̀ ẹ́.

Kẹ́hìndé la ojú. Ó ní, "Mummy, na me."

Ìyá rẹ̀ jáde, wọ́n dúró sínú òjò, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa. Ọ̀gá na ọrùn láti orí àga. "Ta ni wọ́n pè? Ṣùbòmí, ta ni wọ́n pè?" Mo wo gíláàsì. Láti ìgbà tí kámẹ́rà yìí ti dé, mi ò tíì ya fọ́tò tó dára tó o.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 oṣù Kẹsàn-án

Láolú so ó pọ̀ débi pé èmi tí mo yà á kò rí ojú ibi tó ti so ó. Mo ní kí wọ́n fi férémù sí i, mo sì gbé e lọ sílé wọn.

Ìyá Ìbejì gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Wọn ò sunkún. Wọ́n ní, "Àwọn ọmọ mi rèé." Wọ́n fi ìró nu ojú gíláàsì rẹ̀, wọ́n gbé e kọ́ sí ibi tí ìṣó ti wà tẹ́lẹ̀, wọ́n gbàdúrà fún mi títí ojú fi tì mí, wọ́n wá jáde lọ ra mínírà fún mi. Mo ní mi ò fẹ́, wọn ò gbọ́.

Ó ku èmi àti Kẹ́hìndé. Ó gun àga lọ bá fọ́tò náà.

"Ọ̀ńkù, which one be me?"

Mo nàka sí ti apá òsì.

"And this one?"

Mo ní, "Táyé ni."

Ó wò ó. Ó di ojú kan, ó là á, ó di ìkejì. Ó ní, "Na the other eye she dey close."

Kí n tó sọ nǹkan kan ni ìyá rẹ̀ ti wọlé tòun ti ìgò méjì. Wọ́n ní, "Kẹ́hìndé, ṣé o rí èkejì rẹ? Ṣé ó dára?"

Ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Ó gba ìgò tirẹ̀. Ó ní, "E fine, Mummy." Kò tún wo ògiri mọ́ títí mo fi mu tèmi tán.

Ọjọ́ Ajé, 29 oṣù Kẹsàn-án

Òjò ò rọ̀. Oníbàárà mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ mọ́.

Ní ọ̀sán, ọ̀gá ní kí n mú ẹ̀dà fọ́tò ìbejì wá kí àwọn wò ó. Mo fi lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, wọ́n gbé e jìnnà, wọ́n yí i sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀. Mo rò pé wọ́n á bi mí èwo ni Táyé, wọn ò bi mí.

Wọ́n ní, "O ti mọ iṣẹ́, Èṣùbíyì." Wọ́n fi ìka kan apá òsì, níbi tí ọmọ ti dúró bíi sójà. "Táyé nìyí."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."